Ìlọ́po Méje Sìkírátù

Òórùn ṣọ́ọ̀kì ló fà á. Lánàá, bí mo ṣe ń kọjá ní Ailegun, àwọn ọmọ ilé ìwé kan ń gbọn dọ́sítà síta lójú fèrèsé, eruku funfun náà sì kún mi nímú. Kí n tó mọ̀, inú ti ń bí mi. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ìsọlọ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, nínú ilé kan tí yàrá ti dojú kọ yàrá. Sìkírátù, ọ̀rẹ́ mi, ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Ará Ìsẹ́yìn ni ìyá rẹ̀, aṣọ ló ń tà ní ọjà Aswani. Bí àwa bá ń ṣeré tẹ́ń-tẹ́ń, nọ́ńbà ni Sìkírátù fi ń ṣeré tirẹ̀. Èédú ló fi ń kọ wọ́n sára ògiri balùwẹ̀, tí ìyá onílé á sì bú gbogbo wa pọ̀.

Lọ́jọ́ kan ó fi 142857 hàn mí. Ó ní ibi tí òun ti ń pín oókan sí ọ̀nà méje ni òun ti bá a pàdé.

“Wò ó, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni 285714. Ìlọ́po mẹ́ta, 428571. Àwọn kan náà ni, wọ́n kàn ń pààrọ̀ ìjókòó ni.”

Bẹ́ẹ̀ ló rí títí dé ìlọ́po mẹ́fà. Ó wá rọra sọ ti ìlọ́po méje sí mi létí.

Nígbà tó lọ fi nọ́ńbà náà han tíṣà ìṣirò wa, kò tíì dé ìdajì àlàyé tí tíṣà fi já a lẹ́nu gbà. “Ta lo jí i wò lọ́dọ̀ rẹ̀, ìwọ ọmọ aláṣọ?” Ó nà án lójú gbogbo kíláàsì, ó ní òpùrọ́ ni. Sìkírátù ò sunkún. Ó kàn sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ò lè jókòó níwájú ọkùnrin yẹn mọ́, ó sì lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán.

Ní tọ́ọ̀mù tó tẹ̀lé e, alábẹ̀wò kan wá láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Tíṣà kọ 142857 sí bọ́ọ̀dù gàdàgbà, ó ní, “Fúnra mi ni mo ṣàwárí èyí, sà. Ìlọ́po yòówù kí ẹ ṣe, àwọn nọ́ńbà yìí ò ní yí padà.”

Àyà mi gbóná bí ààrò. Mo nawọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìlọ́po méje ńkọ́?”

“Kò yàtọ̀. Jókòó.”

Alábẹ̀wò ní kó ṣe é ká rí i. Mẹ́sàn-án ló kọ́kọ́ jáde. Òmíràn tún jáde, mẹ́sàn-án ni. Nígbà tí 999999 fi máa pé lórí bọ́ọ̀dù, òógùn ti bo tíṣà lọ́rùn.

“Ta ló fi èyí hàn yín?” ni alábẹ̀wò bi í.

Èmi ni mo dáhùn. “Sìkírátù ni, sà. Tíṣà nà án nítorí ẹ̀ ni.”

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé tíṣà lọ sí ilé ìwé mìíràn. Adùn tó wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, oyin ò tó o. Mo sáré lọ bá Sìkírátù ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Kò dá máṣíìnì dúró. Ó ní, “Ṣé wọ́n ní kí n padà wá?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣa àjákù aṣọ nílẹ̀.

Gbogbo Ìsọlọ̀ ti yí padà báyìí. Oko ẹ̀fọ́ ẹ̀yìn ilé ìwé wa ti di ilé iṣẹ́, ilé ìwé alára ti di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Tíṣà náà ti kú. Àwọn tá a jọ kàwé ní kí n wá sọ̀rọ̀ rere nípa rẹ̀ níbi àdúrà ìrántí. Mo dìde, mo sọ ohun tó ṣe fún Sìkírátù, mo sì jókòó. Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Sìkírátù alára ti di ìyá àgbà. Ó ní òun ti dárí jì í tipẹ́. Èmi ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀.