Ọwọ́ Mummy Lábẹ́ Tábìlì

Lánàá, ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Rye Lane, nílùú òyìnbó níbí, obìnrin kan ní ara ọmọ òun ti ń yá. Ó ní, "Touch wood," ó sì fìka kan àga onígi, kò, kò. Ìró yẹn ló gbé mi padà sí kíṣìnì wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Òórùn dòdò ń ta sánsán. Daddy wà ní ọsibítù. Ìyá òyìnbó ilé kejì gbé kéèkì wá, mo sì sọ fún wọn pé Daddy máa tó dé. "Touch wood," ni wọ́n wí, wọ́n kan tábìlì. Wọ́n ní àwọn ará àtijọ́ gbà pé inú igi làwọn ẹ̀mí ń gbé. Béèyàn bá sọ ohun rere, á fọwọ́ kan igi kó má baà bàjẹ́.

Bí wọ́n ṣe jáde, Mummy fajú ro. "O ò gbọdọ̀ ṣe é o! Ṣé iwin là ń bẹ̀ nílé yìí ni? Jésù là ń pè."

"Ẹ má bínú, Mummy. Ṣé Daddy á dé lọ́la?"

"Wọ́n á dé."

Ṣíbí mi jábọ́, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un. Lábẹ́ tábìlì, Mummy di ẹsẹ̀ tábìlì mú pinpin, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé dókítà ti sọ fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé Daddy ò ní padà wálé mọ́.

Èmi rò pé tábìlì ló ń mì. Mo bá wọn di ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì mú.