Àlejò Kì í Gbin Obì

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já èèyàn sílẹ̀ ní Ẹdẹ, ọ̀dọ̀ bàbá mi ni àlejò tó bá fẹ́ jókòó ní àdúgbò wa ń kọ́kọ́ dé. Àwọn ni wọ́n ń dúró fún un lójú ìlú. Ẹnu wọn ni mo ti kọ́ òfin àlejò: fún un lómi kó o tó bi í níbi tó ti ń bọ̀. Ó lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin obì, torí ẹni tó bá gbin obì ò ní in lọ́kàn láti lọ mọ́.

Àfi bí mo ṣe rí obì tó ń hù lẹ́yìn ilé ahunṣọ kan tó ti Ìbàdàn wá. Inú bí mi.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká hú u!"

Wọ́n lọ wò ó, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì bomi sí i.

"Àlejò kì í gbin obì," ni wọ́n wí. "Eléyìí ti gbin ín. Kì í ṣe àlejò mọ́ nìyẹn."

Nígbà tí ọmọ ahunṣọ náà wá fẹ́ mi, orí igi tí mo ní ká hú yẹn ni wọ́n ti ká obì ìdána mi.