Ọpẹ́ Tí Mo Gbà Padà Lórí Ọkọ̀ Pupa

Ẹnu ara mi ni mo fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Mo dúró níwájú ìjọ nínú aṣọ funfun mi, ọmọ mi obìnrin wà lẹ́yìn mi, mo ní kí gbogbo èèyàn bá mi yin Ọlọ́run tó fún ọkọ mi ní ọkọ̀. Mo sì ní kí wọ́n tún bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ arákùnrin wa, mẹkáníìkì tó bá wa yẹ ọkọ̀ náà wò, tí kò jẹ́ kí wọ́n rẹ́ wa jẹ. Mo ní kó dìde kí wọ́n rí i. Ó dìde, ó ń wo ilẹ̀. Mo rò pé ojú ló ń tì í, nítorí kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn ìyìn.

Ọdún tí ìjọba ń dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró ni. Akọ̀wé ni ọkọ mi ní Sẹkitéríàtì. Lọ́jọ́ kan ó wọlé ní aago mọ́kànlá àárọ̀ pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́, n kò tiẹ̀ bi í léèrè. Àgbowó là ń gbé nígbà náà, yàrá kan àti pálọ̀, ọmọ wa kò tíì pé oṣù mẹ́jọ. Owó tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ nígbà tó ń bọ̀ nílé kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó ra ọkọ̀ àlòkù kékeré tí yóò fi máa ṣe kábúkábú, kó máa kó èèyàn láti Ojoo lọ sí Dùgbẹ̀. Bí a ṣe máa jẹun nìyẹn. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo mọ̀.

N kò mọ ẹnikẹ́ni tó ra ọkọ̀ àlòkù láyé ìgbà náà láìmú mẹkáníìkì tirẹ̀ dání. Ẹni tó ń tà á yóò ní kò sóhun tó ṣe é. Mẹkáníìkì rẹ ló máa bá ọ wo inú rẹ̀. Tiwa ni arákùnrin yìí. Ojoo ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà, lábẹ́ igi máńgòrò kan. Kì í ṣe ìjọ nìkan ló pa wá pọ̀. Lọ́jọ́ tí ìrọbí mú mi, òun ló fi ọkọ̀ oníbàárà rẹ̀ gbé mi dé ilé ìwòsàn, tó ń fọn fèrè ọkọ̀ lé àwọn èèyàn kúrò lọ́nà, tó ń ké sí mi lẹ́yìn pé, "Ìyàwó wa, mú un mọ́ra díẹ̀ sí i o! Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni o!" Bí ìrora yẹn ṣe tó, mo rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ló wẹ ọmọ mi fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì, tó ń na apá rẹ̀, tó ń na ẹsẹ̀ rẹ̀, tó ń kọrin fún un.

Ìyá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Bódìjà ló ń ta ọkọ̀ náà, ọkọ̀ ìjàpá pupa, èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Nígbà tí a débẹ̀, arákùnrin wa ní kí èmi àti ọkọ mi jókòó sí pálọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n bá wọn ná an níta," ló wí. "Tí wọ́n bá rí ojú yín báyìí, wọ́n á mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ ẹ."

A jókòó, a ń mu mínírà tí màmá náà gbé fún wa. À ń gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn ọkọ̀, a ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tó wọlé, ó ń fi àkísà nu ọwọ́, ó sọ ọ́ sí ọkọ mi létí.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti já a wálẹ̀ fún yín. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni mo yọ kúrò. Ẹ́ńjìnì yẹn sì ń dún bí aago."

Ìdá kan nínú mẹ́rin! Ọkọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Nítorí ìdá kan yẹn ni mo ṣe dìde dúpẹ́, òun náà ni mo fi ra bàtà aláwọ kan fún un.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi gbádùn ọkọ̀ yìí. Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ mi á gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ nídìí ọkọ̀, ọmọ á máa fi ọwọ́ méjèèjì gbá fèrè, àwọn ará ilé á máa pariwo pé dẹ́rẹ́bà ti dé. Ó wá di ọjọ́ kan tí ọkọ̀ ń gun òkè Mọ́kọ́lá pẹ̀lú èrò mẹ́rin nínú rẹ̀. Ọkọ mi ní ó kọ́kọ́ ń dún kọ́ọ̀kọ́ bí ẹni ń fọ́ ẹ̀kùrọ́, lẹ́yìn náà ni èéfín bo gbogbo ẹ̀yìn. Obìnrin kan nínú àwọn èrò ní, "Dẹ́rẹ́bà, ṣé ẹran lò ń yan lẹ́yìn níbẹ̀ ni?" Wọ́n gba owó wọn padà, wọ́n bọ́ sílẹ̀. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ sí Ojoo, lọ́dọ̀ arákùnrin wa.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó mú bíìlì wá sílé wa, ó ní òun ti tún ẹ́ńjìnì náà ṣe. Ewé ìwé tó fà ya nínú ìwé iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ ni. Mo ka ìwé mẹ́wàá, mo lè ka nǹkan láti òkè délẹ̀, mo sì kà á. Owó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì iye tí a fi ra ọkọ̀. Ó kọ owó iṣẹ́ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀.

Mo ní, "Bùrọ̀dá, àwọn páàtì àtijọ́ tí ẹ yọ dà? Ẹ jẹ́ ká rí wọn."

"Àwọn tó ń ra irin àlòkù ti kó wọn lọ."

"Gbogbo ẹ̀?"

Ọkọ mi ló kọjú sí. "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé nǹkan ò rọrùn. Tí owó ò bá sí, ẹ jẹ́ kí n gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ yín. Mo mọ ẹni tó máa rà á bó ṣe wà. Màá yọ owó mi, màá kó ìyókù fún yín. Ṣùgbọ́n kó má kọjá ìparí oṣù o."

Ìparí oṣù ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Kì í ṣe òun ni mo bínú sí. Ìyá olùkọ́ ni. Ní ọjọ́ kejì, mo pọn ọmọ mi, mo fi ẹsẹ̀ rìn láti Àgbowó dé Bódìjà, mo sì ń to èébú jọ lọ́nà. Wọ́n wà níwájú ilé, wọ́n ń bomi rin òdòdó.

"Màmá," mo ní, n kò tiẹ̀ kúnlẹ̀, "ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ayé yín kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ wá ta òkú ọkọ̀ fún wa!"

Wọ́n gbé agbè omi wọn sílẹ̀. "Sọ ọmọ yẹn kalẹ̀ ná, oòrùn ń pa á. Tó o bá ti fún un lómi, kó o wá máa bú mi lọ."

Nígbà tí ọmọ mu omi tán, wọ́n ní, "Mẹkáníìkì yín kò sọ fún yín?"

"Sọ kí ni, mà?"

"Pé ẹ́ńjìnì yẹn ti là nísàlẹ̀ rí, tí àwọn ajórin jó o pọ̀. Èmi ni mo fi ọwọ́ mi tọ́ka sí ojú ibẹ̀. Mo ní kò lè ṣe iṣẹ́ akérò, àfi ẹni tó bá máa fi í lọ sọ́jà, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wá fúnra mi yọ ìdá kan nínú mẹ́rin. Kò ná an rárá. Ó ní òun á sọ fún yín. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín nígbà tẹ́ ẹ sanwó, mo rò pé ẹ ti gbọ́."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn wọn. Owó tí mo ti tìtorí ẹ̀ dúpẹ́, owó àléébù ọkọ̀ ni. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kò sí nǹkan, wọ́n wọlé, wọ́n kọ ohun tí wọ́n sọ sínú ìwé pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé olùkọ́ yẹn, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì ní ibi yòówù tí a bá pè wọ́n sí, àwọn á wá sọ ọ́.

Èmi àti ọkọ mi lọ sí Ojoo. Arákùnrin wa wà lábẹ́ ọkọ̀ ẹnìkan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan la rí. Bàtà tí mo rà fún un ló wà níbẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ẹ jáde ká ríra."

"Mò ń gbọ́ yín níbí."

"Ṣé màmá Bódìjà fi ibi tó là hàn yín, àbí wọn ò fi hàn yín?"

Irin tó ń dún lábẹ́ ọkọ̀ dákẹ́. "Ta ló lọ sọ́dọ̀ ìyá yẹn?"

"Èmi ni."

"Ìyàwó wa," ẹsẹ̀ yẹn kò mira, "ìwọ kọ́ lo jẹ́rìí fún mi níwájú gbogbo ìjọ? Ẹnu yẹn náà lo tún fẹ́ fi bà mí jẹ́? Ta ló máa gbà ọ́ gbọ́?"

Òótọ́ ló sọ. A gbé ìwé màmá náà tọ Bàbá Alàgbà ìjọ wa lọ, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n sì mí kanlẹ̀. "Ọ̀rọ̀ yìí le o. Ọpẹ́ tí ẹ ti dá, Ọlọ́run ti gbà á. A ò lè kó o padà fún yín." Wọ́n ní ká lọ fi àdúrà sí i.

Nígbà tá a délé, ọkọ mi ní òun á jẹ́ kí arákùnrin wa gba ọkọ̀ náà. "Òun ló gbé ìwọ àti ọmọ dé ilé ìwòsàn," ló wí.

"Mo mọ̀. Ẹni tí kò gbé mi dé ibì kankan kò lè dùn mí báyìí."

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí ẹni tó ní ìjẹ́rìí jáde. Mo jáde. Ọkọ mi di etí aṣọ mi mú, mo rọra fà á yọ. Mo dúró sí ojú ibi tí mo dúró sí lọ́jọ́ ọpẹ́.

"Ọpẹ́ tí mo dá fún Ọlọ́run dúró," mo ní. "N kò gba ìyẹn padà. Èyí tí mo dá fún arákùnrin wa ni mo wá gbà. Mo sọ fún yín pé kò jẹ́ kí wọ́n rẹ́ wa jẹ. Irọ́ ni mo pa fún yín, n kò mọ̀ pé irọ́ ni." Mo sì ka ìwé màmá náà fún wọn.

Kò sẹ́ni tó kọrin. Ẹnìkan lẹ́yìn ní, "Ẹ̀n-ẹ́n?" Bàbá Alàgbà yíjú sí mẹkáníìkì wa. "Arákùnrin, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ó dìde, ó wo ilẹ̀, gẹ́lẹ́ bó ṣe wò ó lọ́jọ́ ọpẹ́. Mo wá mọ ohun tó ń wò nílẹ̀ láti ọjọ́ yẹn.

"Mo rò pé á lò tó oṣù mẹ́fà kó tó bàjẹ́," ló wí.

Gbogbo ìjọ mí sókè. Ìyàwó rẹ̀ fi ìborùn bo ojú. Títí di òní, n kò tún gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ mọ́.

Bàbá Alàgbà ní ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ délé lọ́jọ́ náà. A lọ sí Ojoo lẹ́yìn ìsìn. Ọkọ mi yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ kò dáhùn. Ó tún yí i. Wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀: eruku tó wà lára ẹ́ńjìnì náà, ọwọ́ èèyàn kankan kò kàn án. Kò sẹ́ni tó tún mẹ́nu ba bíìlì.

Ni àwọn ọkùnrin ìjọ bá tì í láti Ojoo dé Àgbowó, gbogbo wọn nínú súùtánà funfun, ọkọ mi nídìí ọkọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́bàá títì ń pariwo, "Ẹ gbé e relé! Kó sinmi lálàáfíà!" Arákùnrin wa wà láàárín àwọn tó ń tì í. Kò sẹ́ni tó pè é. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ìdérí ẹ́ńjìnì, ó ń làágùn.

Ní ẹnu ọ̀nà wa, ó fa àkísà yọ, ó ń nu ọwọ́ bó ṣe nù ún ní Bódìjà. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. N kò fẹ́ gbọ́ ọ. Mo kẹ̀yìn sí i. Mo gbàgbé pé ọmọ wà lẹ́yìn mi. Bí mo ṣe kẹ̀yìn sí i, ọmọ ló kọjú sí i. Mo gbọ́ tí ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sí i, tó ń na ọwọ́, bó ṣe máa ń ṣe tó bá rí i.