Ìyá Ìbejì àti Katakata Ilé Ẹṣin

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni Ìyá Ìbejì nígbà tó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹṣin. Kó tó dìgbà náà, aṣọ ló ń fọ̀. Ilé ẹṣin kan wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí títì ọlọ́dà ti parí. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn fọ aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ gàárì, ó sì lọ. Aṣọ ọ̀hún nípọn bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì, irun ẹṣin a lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, òórùn òógùn a sì ti wọ̀ ọ́ lára. Kò sí ẹni tó bá a du iṣẹ́ náà. Tó bá fọ̀ ọ́ tó sì sá a tán, a fara ti ẹnu ọ̀nà, a máa wo àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin. Ojú ló fi kọ́ gbogbo ohun tó mọ̀. Ó fojú kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ ẹṣin sókè láti fi irin ha ìdọ̀tí inú pátákò, ó fojú kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìjánu sí i lẹ́nu láìjẹ́ kó gé wọn níka jẹ. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn fiṣẹ́ sílẹ̀, ó bọ́ sípò rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, òun ni olórí wọn.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ẹṣin méjìlá ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ṣẹ́ etí sẹ́yìn báyìí, ó ti mọ ohun tó ń dùn ún. Ẹni tó ni ilé ẹṣin náà, obìnrin kan tó ti ṣe dókítà ẹranko títí tó fi fẹ̀yìntì, máa ń sọ pé tí Ìyá Ìbejì bá ní ẹṣin kan ò gbádùn, òun kì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́, òògùn lòun máa ń lọ gbé.

Ọdún náà ni ọkọ rẹ̀ fẹ̀yìntì. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Ìbejì fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìbejì ti ń ṣiṣẹ́ níbi tó jìnnà, fóònù ni wọ́n fi ń kí ilé. Ilé wá pa lọ́lọ́ fún ọkùnrin tó ti mọ́ lára láti máa gbọ́ ariwo ogójì ọmọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó to ìkòkò ìyàwó rẹ̀ láti orí ńlá dé kékeré. Lọ́sẹ̀ kejì, ó kọ “iyọ̀” sára agolo iyọ̀, ó kọ “ṣúgà” sára agolo ṣúgà, bí ẹni pé àlejò ló ń gbé ilé náà. Ìyá Ìbejì wo àwọn agolo yẹn, àánú ọkọ rẹ̀ sì ṣe é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí Dírẹ́bà, ẹni tó ń wa katakata nílé ẹṣin, dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un níkùn, wọ́n sì ní kò gbọ́dọ̀ gbé ohun tó wúwo ju ife omi lọ fún oṣù méjì.

“Ta ló máa wá máa gbé koríko fún wọn?” Bàbá Ìbejì bi í níbi tí wọ́n ti ń jẹun àárọ̀.

“Èmi náà ni. Ṣebí mo máa ń wà á lọ́jọ́ tí Dírẹ́bà ò bá wá.”

“Pẹ̀lú ẹṣin méjìlá lọ́rùn? Èmi ńkọ́?”

“Ẹ̀yin ńkọ́ báwo?”

“Mo lọ́wọ́, mo lẹ́sẹ̀, mo sì ti wa mọ́tò fún ogún ọdún.”

“Katakata kì í ṣe mọ́tò, Bàbá Ìbejì.”

“Ó ní jíà, ó ní bíréékì, ó ní sítíárìn. Kí ló tún kù?”

Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín. Tó bá jẹ́ tinú rẹ̀, ì bá ní kó jókòó sílé. Ṣùgbọ́n ó rántí agolo iyọ̀, ó ní kó wọ bàtà kó jẹ́ kí àwọn máa lọ.

Ká sọ tòótọ́, ọkùnrin náà ṣiṣẹ́. Ṣọ́bìrì ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, ó sì ń fi kó ìgbẹ́ ẹṣin sínú bárò láìráhùn. Gbogbo àárọ̀ ló ń kí àwọn ẹṣin bí ẹní wọ kíláàsì: “Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ.” Ó máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé orogún òun ni gbogbo wọn, pé ó tó ọdún méjìlá tí wọ́n ti ń bá òun pín ìyàwó, òun kàn wá wo ojú wọn ni. Tí ìyàwó rẹ̀ bá ti gun katakata, a fi ṣọ́bìrì sílẹ̀, a fẹ̀yìn ti ògiri, a máa wò ó.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Alágbẹ̀dẹ tó ń kan bàtà irin mọ́ ẹṣin lẹ́sẹ̀ dé ṣáájú àsìkò. Ẹṣin tó fẹ́ ṣe níjà nínú, Ìyá Ìbejì nìkan ló sì lè dì í mú. Bó ṣe di okùn ọrùn rẹ̀ mú, tí Alágbẹ̀dẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lé itan, ni Bàbá Ìbejì dé.

“Koríko ti tán níwájú wọn. Ṣé kí n lọ gbé ìdì kan wá?”

Ìyá Ìbejì ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ó fi ọwọ́ kan yọ kọ́kọ́rọ́ katakata nínú àpò, ó jù ú sí i. “Ẹ rọra o,” ló sọ. Gbogbo ẹ̀kọ́ tó rí gbà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí wọ́n ń kó koríko sí wà lápá òkè, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú. Láti ibẹ̀ dé géètì ilé ẹṣin, ilẹ̀ rọra ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kì í ṣe ohun tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn máa kíyè sí. Bàbá Ìbejì fi irin ọwọ́ iwájú katakata gbé ìdì koríko kan sókè, ó wà á bọ̀. Nígbà tó dé iwájú géètì tí wọ́n sábà máa ń ṣí sílẹ̀, ó bá a ní títì. Ó ju jíà sí fíríì, ó fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ké, ó sọ̀ kalẹ̀ láti lọ ṣí i.

Ó ti ṣí i tán kó tó rí i pé katakata ń tẹ̀ lé òun. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé ẹnìkan ló gùn ún. Nígbà tó rí i pé àga ṣófo, ó sáré padà, ó di irin orí táyà mú, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ẹni pé òbúkọ ló ń fà. Katakata wọ́ ọ tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá kó tó jábọ́ lórí orúnkún méjèèjì. Irin ọwọ́ iwájú kọjá láàárín géètì, ó lọ kan ilẹ̀kùn yàrá àkọ́kọ́ lápá òsì, ó fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ó gé páìpù omi tó wà lára ògiri. Ibẹ̀ ló dúró sí. Omi ń tú sókè, ẹ́ńjìnnì ń ké, gbogbo ẹṣin sì ń ta ìpá.

Abo ẹṣin pupa kan tó ti dàgbà ló wà ní yàrá yẹn. Ó fẹ̀yìn mọ́ ògiri títí tí ariwo pátákó fi rọlẹ̀, lẹ́yìn náà ló gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí àfọ́kù ilẹ̀kùn, tó gba ẹ̀gbẹ́ katakata jáde.

Nígbà tí Ìyá Ìbejì sáré dé, ẹ́ńjìnnì ló kọ́kọ́ pa. Lẹ́yìn náà ló rí ọkọ rẹ̀ tó jókòó sílẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ ti ya ní orúnkún méjèèjì.

“Ṣé ẹsẹ̀ yín ṣì ń gbé yín?”

“Ó ń gbé mi. Máa lọ bá ẹṣin.”

Ẹ̀yìn ilé, níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ló ti bá a. Ẹṣin náà dúró sáàárín àwọn aṣọ tútù, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ ní èjìká rẹ̀ níbi tí àfọ́kù igi ilẹ̀kùn ti ya á. Ìyá Ìbejì ò sáré mọ́. Ó kẹ̀yìn sí i díẹ̀, ó ń kùn jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń kùn fún wọn, títí tí ẹṣin fi gbé imú lé e léjìká. Nígbà tí wọ́n jọ padà, Alágbẹ̀dẹ ti bá wọn ti omi pa.

Dókítà, ẹni tó ni ilé ẹṣin náà, dé, ó fọ ojú ọgbẹ́ náà, ó rán an níbi mẹ́rin. Nígbà tó fọ ọwọ́ rẹ̀ tán, ó yíjú sí wọn.

“Ta ló wà á?”

“Èmi ni,” Bàbá Ìbejì dáhùn.

“Èmi ni mo fún wọn ní kọ́kọ́rọ́,” ìyàwó rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀.

“Ta ló kọ́ wọn?”

Bàbá Ìbejì wí jẹ́jẹ́ pé, “Bí mo ṣe rí i tí ìyàwó mi ń ṣe é ni mo ṣe é, Dókítà. Á jù ú sí fíríì, á sọ̀ kalẹ̀, á jẹ́ kó máa ké, á lọ ṣe ohun tó bá fẹ́ ṣe.”

Kò fi ṣe ẹ̀sùn. Ó sọ ọ́ bí ọmọ ilé ìwé ṣe ń sọ bó ṣe rí ìdáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún Ìyá Ìbejì dé ọkàn. Kò jiyàn, nítorí òótọ́ ni. Orí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú lòun ti máa ń ṣe é, katakata ò sì tẹ̀ lé òun rí.

“Ṣé ẹ kì í fa bíréékì ọwọ́ ni?” Dókítà bi í.

Ìyá Ìbejì wo katakata, ó wo Dókítà. “Ibo ló wà?”

Ọdún márùn-ún ló ti ń wà á. Dókítà wò ó títí, ẹ̀rín sì fẹ́ gba ibi tí ìbínú wà. Ìyá Ìbejì ṣàlàyé pé kò sẹ́ni tó kọ́ òun, ẹnu ọ̀nà lòun ti ń wo Dírẹ́bà. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń yé òun fúnra rẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ dírẹ́bà ni èèyàn ń rí lórí sítíárìn. Ohun tó ń fi ẹsẹ̀ ṣe, àti ohun tó ń fà nísàlẹ̀ àga, kì í hàn.

“Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan án mọ́,” Dókítà sọ, “títí ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi kọ́ yín. Ẹ̀yin méjèèjì.”

Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi bárò kó koríko. Ẹ̀yìn ń ro Bàbá Ìbejì, orúnkún ń ta á, àmọ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba bárò lọ́wọ́ òun. Káfíńtà wá ṣe ilẹ̀kùn, òun ló bá a di pátákó mú. Ojú ń ti Ìyá Ìbejì lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, kì í ṣe nítorí ilẹ̀kùn, bí kò ṣe nítorí pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pe òun ní ọ̀gá.

Nígbà tó di ọjọ́ kọkànlá, wọ́n fi mọ́tò gbé Dírẹ́bà wá. Wọ́n gbé àga oníke kan sí abẹ́ ibòji fún un, ó di ikùn rẹ̀ mú, ó jókòó bí ọba.

“Ẹnu nìkan ni wọ́n ní kí n máa lò nílé ìwòsàn,” ló wí, “ẹ ṣáà fetí sílẹ̀.”

Bàbá Ìbejì mú ìwé kékeré kan jáde. Dírẹ́bà ò tíì sọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ọkùnrin náà fi bi í ní ìbéèrè márùn-ún.

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n dé ibẹ̀.”

“Ohun tí mò ń sọ fún àwọn ọmọ náà nìyẹn fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n,” Bàbá Ìbejì wí, ó sì panu mọ́.

Dírẹ́bà ní kí Ìyá Ìbejì gun àga katakata, kó má tíì tan nǹkan kan, kó kàn máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó fi ibi tí bíréékì ọwọ́ wà hàn án. Ó ní kó tó sọ̀ kalẹ̀, irin ọwọ́ iwájú gbọ́dọ̀ ti fara kan ilẹ̀, jíà ti wà ní fíríì, bíréékì ti wà ní fífà, ẹ́ńjìnnì ti kú, kọ́kọ́rọ́ sì ti wà lọ́wọ́. Ìyá Ìbejì ṣe é lórí sìmẹ́ńtì lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni Dírẹ́bà ní kó wà á lọ síbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn gan-an. Ó fa bíréékì, ó pa á, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró síwájú rẹ̀. Katakata ò mira.

“Màmá, ẹ tiẹ̀ dárí jì mí,” Dírẹ́bà sọ. “Mo rò pé ẹ mọ̀ ọ́n ni. Ẹ ò bi mí rí, èmi náà ò sì sọ.”

Ohun kan ni Ìyá Ìbejì ń rò. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnìkan máa jókòó, tí á fi sùúrù kọ́ ọ ní nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìtìjú tó ti ń gbé kiri fún ọjọ́ mẹ́wàá kàn rọra wábi gbà. Ara tù ú bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Bàbá Ìbejì ra ọ̀dà dúdú, ó kun ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí katakata ń sùn, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ohun tí Dírẹ́bà sọ síbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà gbàgàdà gbàgàdà. Ẹni tí kò bá kà á sókè ò ní gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, títí kan Dírẹ́bà nígbà tó gbádùn tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọgbẹ́ ẹṣin pupa náà jinná, irun funfun tín-ínrín kan hù sójú rẹ̀. Dókítà ní kí Bàbá Ìbejì máa wá láàárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ọkùnrin náà ò tún kọ nǹkan kan sára agolo mọ́.

Ní ti Ìyá Ìbejì, ìbéèrè kì í nira fún un mọ́. Lọ́jọ́ kan tí òun àti Dókítà jọ ń ka òògùn, ó kàn sọ pé, “Dókítà, mi ò gun ẹṣin rí.”

“Fún ọdún méjìlá?”

“Kò sẹ́ni tó ní kí n gùn ún.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, wọ́n di gàárì mọ́ ẹṣin pupa náà, Dókítà fi bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ irin tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ gàárì hàn án, Ìyá Ìbejì sì gùn ún. Bàbá Ìbejì ló di okùn mú níwájú, tó ń rìn jẹ́jẹ́.

“Ẹ má yára, Bàbá Ìbejì.”

“Ṣé mo ń yára ni?”

Láti orí ẹṣin, Ìyá Ìbejì ń wo orí òrùlé ilé ẹṣin tí kò hàn sí i rí láti ilẹ̀. Páánù ibẹ̀ ti ń dípẹtà lápá kan. Ó ní kí ọkọ rẹ̀ tún bá òun yí ọgbà náà ká lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó lọ fún àwọn ẹṣin tó kù ní omi.