Àlejò Inú Orúnkún Tíṣà Bámgbóyè

Ọjọ́ Ìsinmi ìdúpẹ́ kan ni Tíṣà Bámgbóyè dìde láti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìyìn-Èkìtì. Ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́rìí ti ra mọ́tò. Ọmọ ẹnìkejì ti gba físà. Tíṣà tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀, ó gba máìkì.

"Ẹ yin Olúwa!"

"Alelúyà!"

"Orúnkún ń dùn mí. Ó dùn mí lánàá. Ó sì jọ pé yóò dùn mí lọ́la. Ẹ yin Olúwa!"

Alùfáà wo ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ akọrin wo òrùlé. Ìyá arúgbó kan tó ti ń tòògbé látìgbà ìwàásù nìkan ló dáhùn pé "Alelúyà," ó sì padà sùn.

Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyàwó rẹ̀, Ìyá Kíkẹ́lọmọ. "Bàbá Kíkẹ́lọmọ, ṣé ẹ̀rí lẹ jẹ́ yẹn?"

"Irọ́ wo ló wà níbẹ̀?"

Ọdún mọ́kànlélógún ni ìrora orúnkún náà ti fi bá a gbé. Dókítà ní kò ní lọ, ṣùgbọ́n kò ní pa á. Ìyá Kíkẹ́lọmọ ò gbà. Kò sí òkè àdúrà tí kò gùn nítorí orúnkún ọkọ rẹ̀, títí tí tirẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

Tíṣà ní tirẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ: Àlejò. "Àlejò tí ò bá fẹ́ lọ, ìjókòó là ń fún un." Láràárọ̀, á na ẹsẹ̀ sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, á kí i pé, "Àlejò, ṣé o jí dáadáa?" Ẹ̀yìn ìyẹn ló ń jẹ iyán. Tó bá sì ti ń jẹun, kì í gbọ́ rédíò, kì í gbé fóònù. Nígbà kan, ọkọ ọmọ rẹ̀, Olúwarótìmí, pè é lẹ́ẹ̀marùn-ún láti Adó, ẹ̀rù bà á, ó gun ọ̀kadà wá. Òkèlè tó kẹ́yìn ló bá lọ́wọ́ àna rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò gbé ìpè mi!"

"Iyán ló kọ́kọ́ pè mí."

Ìyá Kíkẹ́lọmọ fà á lọ sí ìpàdé kan ní Adó, tí wọ́n pè ní Ayọ̀ Lójoojúmọ́. Pásítọ̀ Ayọ̀túndé ní kí ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn fò sókè. Tíṣà jókòó jẹ́ẹ́.

"Bàbá, ṣé inú yín ò dùn ni?"

"Lánàá, inú mi dùn. Lónìí, orúnkún ló kàn."

"Ẹ lé e lọ! Ẹ pàṣẹ fún un!"

"Ọmọ mi, tí mo bá lé e, ta ni yóò máa sọ fún mi pé òjò ń bọ̀?" Ó fọwọ́ pa orúnkún náà. "Ó tiẹ̀ ń bọ̀ báyìí."

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. Kí ẹ̀rín náà tó kúrò lẹ́nu rẹ̀, ìjì ti gbé kánópì lọ.

Láti ọjọ́ náà, kò sóbìnrin tó ń sá èlùbọ́ ládùúgbò wọn láìkọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Tíṣà. "Tíṣà, àlejò ulé yín ńkọ́?" "Ó ń sinmi. Ẹ sá a."

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Kíkẹ́lọmọ bú sẹ́kún. "Ṣé ẹ ò fẹ́ máa láyọ̀ ni?"

"Mò ń láyọ̀. Bí iná mànàmáná ló ṣe rí, ó ń dé, ó ń lọ. Ṣé ká wá jókòó ti súìṣì ni?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí. Báyìí náà lẹ máa gba ikú tó bá dé, ẹ ó sì fi mí sílẹ̀."

"Tó bá dé, màá fún òun náà ní ìjókòó." Ìyàwó rẹ̀ fi abẹ̀bẹ̀ gbá a léjìká. Lẹ́yìn náà ló jókòó tì í, wọ́n jọ ń wo òpópónà.

Ikú dé lóṣù kẹfà tó kọjá. Orí àga ẹnu ọ̀nà ló ti bá a, lẹ́yìn oúnjẹ. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, òjò ti pa èlùbọ́ gbogbo àdúgbò. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń wo ojú ọ̀run mọ́.

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ òkú, Ìyá Kíkẹ́lọmọ gba máìkì.

"Ẹ yin Olúwa."

"Alelúyà!"

"Ikú ọkọ mi ń dùn mí. Ó dùn mí lánàá. Ó sì jọ pé yóò dùn mí lọ́la." Ó nu ojú. "Mo jẹ iyán láàárọ̀ yìí, mo sì gbádùn rẹ̀. Ẹ yin Olúwa."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó wo òrùlé. Ìyá arúgbó yẹn ló kọ́kọ́ dáhùn, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì gbè é. Ojú ìyá arúgbó náà là kedere, kò tòògbé rárá.