Ogún Ìwé, Ẹnu Kan

Láàárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí ìjọba ò gba tíṣà síṣẹ́ mọ́, iṣẹ́ ìbéèrè ni mo rí ṣe. Ọ́fíìsì kan ní Savalou ló gba èmi àtàwọn mélòó kan. Kàǹga oníẹ̀rọ kan péré ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ sí agbègbè Bantè, wọ́n wá ní ká lọ bi àwọn ará abúlé bí omi ṣe jìnnà sí wọn tó. Ọ̀gá wa tẹ̀ ẹ́ mọ́ wa létí: ogún ilé ní abúlé kọ̀ọ̀kan, ìwé ìbéèrè kan fún ilé kan, ká sì dé àwọn abà pẹ̀lú. Ó ní bí ilé tá a bi bá kéré, àṣìṣe á pọ̀. Bó bá pọ̀, òótọ́ á hàn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo dé abúlé kan lẹ́yìn Akpassi. Ó ti rẹ̀ mí, kí n má parọ́. Mo ti gun alùpùpù la gbogbo kòtò ọ̀nà Gouka àti Pira kọjá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ìbéèrè kì í ṣe iṣẹ́, ẹ lọ bi ìdí mi.

Àlejò kì í ya ilé ẹnikẹ́ni láìtíì kí baálé, nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ. Wọ́n bu omi tútù fún mi láti inú kàǹga àgbàlá rẹ̀. Baálé ní, "Omi ò jìnnà sí wa, ọmọ mi." Ó wá ránṣẹ́ pe ogún olórí ilé nínú àwọn ẹbí rẹ̀, kí n má baà máa rìn káàkiri nínú oòrùn. Mo dúpẹ́, mo jókòó sábẹ́ igi kajú, mo ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan níṣojú rẹ̀. Oníkálukú á wojú baálé, á ní, "Bí baba ṣe wí náà ni." Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó, ta ni yóò jókòó síwájú baba kó ní omi jìnnà? Ènìyàn kan kì í jẹ́ àwá dé, ẹnì kan ṣoṣo ló sì dá mi lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ogún ìwé ti pé, mi ò sì fẹ́ dìde.

Bí mo ṣe ń di ìwé mi, obìnrin kan tó pọnmi láti odò ń lọ sí abà ẹ̀yìn abúlé. Ó dúró tòun ti bàsíà lórí.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ó dé ọ̀dọ̀ tiwa náà?"

"Mo ń bọ̀ lọ́la, ìyá."

Mi ò ní in lọ́kàn rárá. Mo kàn fẹ́ kó máa lọ ni.

Ní Savalou, ọ̀gá wa ka ìwé mi, ó ní ogún ilé tó fohùn ṣọ̀kan, kò sí ìdáhùn tó dájú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbé kàǹga náà lọ sí ọ̀nà Pira.

Lọ́dún kejì, obìnrin yẹn rí mi lọ́jà Bantè, ó pè mí. Mo ti ń wá irọ́ tí n ó pa. Kò bínú.

"Ilé mẹ́sàn-án ni wá lábà," ó ní. "Mo lọ láti ilé dé ilé, mo ní kí oníkálukú sọ tẹnu ara rẹ̀ fún yín, kẹ́nikẹ́ni má wojú ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ mẹ́ta la fi jókòó dè yín, a ò lọ oko. Ara yín ni ò yá, àbí?"

Ojú tì mí débi pé mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ara mi ni ò yá.

Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ara ti wá yá báyìí?"