Orí Méjì ní Ṣọ́ọ̀bù Ọwọ́fúyẹ́

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń lọ nílùú, ẹ má wulẹ̀ ra ìwé ìròyìn. Ẹ lọ dirun lọ́dọ̀ Ọwọ́fúyẹ́. Ìnagijẹ ni o. Àwọn oníbàárà ló fún un, nítorí pé bó ti ń dirun tó, kì í dun èèyàn lórí. Ẹni tó jókòó sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lè sùn lọ fọnfọn. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò fúyẹ́. Obìnrin náà lè sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kó má dánu dúró, kò sì sí àríyànjiyàn tó máa kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò ní pè wọlé.

Ṣọ́ọ̀bù náà ò tóbi. Àga méjì, dígí gígùn kan tó ti là ní igun, fáànù tó ń kùn, àti rédíò kékeré kan lórí pẹpẹ láàárín ìpara àti òòyà. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó fi ẹnu jiyàn, kó má fi orí jiyàn. Oníbàárà tó bá ń mi orí nítorí ìṣèlú, ìlà irun rẹ̀ á wọ́, wọ́n á sì ní Ọwọ́fúyẹ́ ni kò mọṣẹ́.

Ọgbọ́n kan wà tó ń dá, tí gbogbo onídìrí mọ̀, tí kò sì sí èyí tó máa jẹ́wọ́ nínú wọn. Bí oníbàárà bá dé nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kún, kò ní sọ pé kó padà wá. Rárá o! Á mú un jókòó, á tú irun àtijọ́ orí rẹ̀, á di ìlà bíi mélòó kan síwájú, á wá fi í sílẹ̀, á padà sídìí ẹni àkọ́kọ́. Ta ló máa gbé irú orí bẹ́ẹ̀ jáde sí títì? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń so wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n á máa bú u, wọ́n á sì tún máa rẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé kan, Ìyàwó Kọ́púrà ló kọ́kọ́ dé. Ọ̀rẹ́ Ọwọ́fúyẹ́ ni láti ilé ìwé, ọlọ́pàá sì ni ọkọ rẹ̀.

"Mo ní òde pàtàkì ní Mọ́ńdè," ló wí. "Ṣe mí lẹ́wà o."

Wọ́n ti di ìdajì orí rẹ̀ nígbà tí Màmá Oníkọ́tìnì wọlé, ìyá àgbà kan tó ń rán kọ́tìnì ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. "Ọmọ mi," ni màmá wí, "mo ń lọ síbì kan ní Mọ́ńdè. Mi ò fẹ́ kí wọ́n wò mí kí wọ́n ní orí mi ti dàrú."

Inú Ọwọ́fúyẹ́ dùn. Ó mú màmá jókòó sórí àga kejì, ó tú irun rẹ̀, ó di ìlà mẹ́ta síwájú, ó fi ìyókù sílẹ̀ ní ìdúró. Ó yẹ kó ronú. Ó mọ̀ pé ọlọ́pàá ló yìnbọn pa ọmọ màmá yìí lójú títì ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ó sì mọ iṣẹ́ tí ọkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Ṣùgbọ́n bó ti rí orí tuntun yẹn báyìí, ọpọlọ rẹ̀ lọ sinmi.

Rédíò ló tú wọn fó. Òfin tuntun kan ni wọ́n ń jiyàn lé lórí: kí ọlọ́pàá tó bá pa èèyàn lọ ṣàlàyé níwájú adájọ́ bíi gbogbo ayé, kì í ṣe níwájú ọ̀gá rẹ̀ nìkan. Ilé aṣòfin máa gbọ́ tẹnu aráàlú ní Mọ́ńdè. Ọkùnrin kan pè wọlé, ó ní kí wọ́n kó gbogbo ọlọ́pàá sẹ́wọ̀n. Òmíràn ní bí òfin yẹn bá kọjá, olè á máa fi ọlọ́pàá ṣe yẹ̀yẹ́.

"Òótọ́ ọ̀rọ̀!" Ìyàwó Kọ́púrà ké, ó mi orí, ìlà wọ́. "Èmi gan-an ni màá sọ ọ́ fún wọn ní Mọ́ńdè, lórúkọ àwa ìyàwó ọlọ́pàá. Ọkọ mi á jáde láàárọ̀, mi ò mọ̀ bóyá á wọlé, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n tún fẹ́ kó máa dúró dè é?"

"Èmi náà ń lọ síbẹ̀," ni Màmá Oníkọ́tìnì wí láti àga kejì. "Èmi ni ìyá ọmọ tó ń tún fóònù ṣe, tí wọ́n pa."

Ẹ wo wàhálà! Ìyàwó Kọ́púrà dìde fùú, ó gbá báàgì rẹ̀ mú, ó kọrí sẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ti rí ara rẹ̀ nínú dígí. Apá ọ̀tún gún régé títí dé èjìká, apá òsì rí wúruwùru bí ìgbálẹ̀ tó ti gbó. Ó dúró. Ó yí padà, ó jókòó.

"Ìwọ lo fà á," ló sọ fún Ọwọ́fúyẹ́.

"Mo mọ̀."

"O fi orí àwa méjèèjì dè wá mọ́lẹ̀!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ má sì mi orí."

Màmá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù ò sì lè mú un mọ́ra. Ìjà kúrò nílẹ̀, àríyànjiyàn ló kù.

"Màmá, ọ̀rọ̀ ọmọ yín dùn mí," ni Ìyàwó Kọ́púrà wí. "Àmọ́ ẹ ò mọ bí àwọn ọ̀gá ṣe ń fojú wọn rí màbo níbi iṣẹ́ ọlọ́pàá yẹn. Tọ́ọ̀ṣì ló sọ nù lọ́wọ́ ọkọ mi. Tọ́ọ̀ṣì, mà! Wọ́n ní kó kọ bó ṣe sọ nù sílẹ̀. Ó kọ ọ́, wọ́n ní kò tó, kó tún un kọ. Ọ̀gá lórí ọ̀gá ń bi í léèrè: ta ló wà níbẹ̀, ibo ló gbé e sí, kí ló ń wò? Oorun ò kun ọkọ mi mọ́."

"Kí ni wọ́n bi ẹni tó pa ọmọ mi?"

Màmá ò fi bú u. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

"Wọ́n sọ fún mi pé ìbọn ló ṣèèṣì yìn, wọ́n sì gbé ọkùnrin náà lọ sí ìlú mìíràn. Ìwọ tí o mọ ilé wọn, ṣé wọ́n bi í léèrè rárá?"

Ìyàwó Kọ́púrà rántí ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ. "Mi ò mọ̀, mà," ló wí.

"Mi ò ní kí wọ́n pa á o. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n bi í."

Ọwọ́fúyẹ́ parí orí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Irun náà dára, ó ń dán. Ìyàwó Kọ́púrà wo dígí, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ní ó dàbọ̀. Bí ó ti ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ni Ọwọ́fúyẹ́ kọjá sídìí àga kejì, ẹnu rẹ̀ sì tún là.

"Màmá, kí lẹ máa sọ níwájú wọn? Ẹ sọ ọ́ ká gbọ́."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Mo ti ń dánra wò nílé. Bí mo bá dé ibì kan, ohùn mi á lọ. Bó bá ṣe mí bẹ́ẹ̀ ní Mọ́ńdè, wọ́n á ní kí n jókòó, ó parí nìyẹn. Ta ló tún máa sọ ti ọmọ mi?"

Ó gbìyànjú. Ó ní àgékù aṣọ kọ́tìnì olódòdó lòun fi rán ṣẹ́ẹ̀tì fún ọmọ náà, kó lè máa wọ̀ ọ́ nílé, àfi bó ṣe wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Fèrèsé! Dípò kó bínú, ńṣe ló ń jẹ́ wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní, "Ìyá mi, ẹ wá ṣí mi kí atẹ́gùn wọlé." Ọwọ́fúyẹ́ rẹ́rìn-ín débi pé òòyà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Nígbà tó di ọ̀sán, fóònù mi dún," ni màmá wí. Ó dákẹ́. Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti lọ.

Ọwọ́fúyẹ́ rò pé ọ̀rẹ́ òun á ti lọ. Àmọ́ Ìyàwó Kọ́púrà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, orí rẹ̀ ti pé, kò sí ohun tó dá a dúró mọ́. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó padà wá jókòó níwájú màmá.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́, mà?"

Màmá kọjú sí i. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́. Ó ní nọ́ńbà ọmọ òun ló pè, ohùn rẹ̀ kọ́ lòun gbọ́. Ó ní aṣọ kọ́tìnì yẹn lòun fi dá a mọ̀ nílẹ̀, nítorí wọn ò jẹ́ kóun rí ojú rẹ̀. Ó sọ ọ́ dópin, ó nu ojú, ó mí kanlẹ̀.

"Mo ṣì máa sọ tèmi ní Mọ́ńdè o, mà," ni Ìyàwó Kọ́púrà wí, omi lójú òun náà. "Ẹ̀rù ọkọ mi ṣì ń bà mí."

"Sọ ọ́. Ọkọ rẹ ni." Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àmọ́ bí mo bá dákẹ́ níbẹ̀, tún bi mí."

"Èmi tí mò ń bọ̀ wá ta kò yín?"

"Ìwọ náà ni."

"Màá bi yín, mà."